Ọwọ́ Agya Bediako

"Ìka kan," ni Nti wí, ó sì na ìka tirẹ̀ sókè kí gbogbo wọn lè rí i. "Ìka kan péré ló fi ń yí i. Ọkọ̀ tí wọ́n ní sítíárìn rẹ̀ gan rèé o."

Òótọ́ ni. Yaw Ampadu jókòó sórí àga awakọ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù náà, ó fi ìka kan kọ́ sítíárìn, ó yí i dé ọ̀tún títí kò fi lọ mọ́, ó dá a padà sósì, àwọn táyà iwájú sì ń tẹ̀lé ìka rẹ̀ bí ajá ṣe ń tẹ̀lé olówó rẹ̀. Ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní Magazine, àdúgbò àwọn fítà tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Kumasi. Àárọ̀ kùtù ni Yaw máa ń dán ọkọ̀ ńlá wò, nítorí bí oòrùn bá ti yọ, tí àwọn ọkọ̀ tó wá fún àtúnṣe bá ti há sójú ọ̀nà, ewúrẹ́ gan-an kì í rí àyè yí ìdí padà níbẹ̀, kí a má tíì sọ lọ́rì.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ti so géèjì tó ń wọn agbára ọ́ìlì mọ́ ẹnu rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì jáde nínú pọ́ǹpù sítíárìn, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì gòkè dé ibi tó yẹ kó dé. Ó ti fọwọ́ tẹ bẹ́líìtì, ó le dáadáa. Ó ti wo ọ́ìlì nínú agolo rẹ̀, ó kún, kò sì hó. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́, kò wo apá ibi tí bàbá ìyàwó rẹ̀ dúró sí.

"Másítà, etí wa wà lọ́dọ̀ rẹ," ni Maame Birago wí. Òun ló ni ọkọ̀, òun náà ló ni iṣu tí ọkọ̀ ń gbé.

"Kò sí nǹkan tó ṣe sítíárìn, Maame."

"Pọ́ǹpù ńkọ́?"

"Pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́."

Obìnrin náà yíjú sí arúgbó tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Agya Bediako, ẹ ti gbọ́. Ẹnu àna yín ló ti jáde, kì í ṣe ẹnu tèmi."

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ náà ń gbé iṣu bọ̀ láti Ejura. Ní kọ́nà kan lórí òkè Mampong, ó kúrò lójú ọ̀nà, ó sì tẹ àtíbàbà obìnrin kan tó ń ta kẹ́ńkè, ẹ̀kọ àgbàdo wọn, mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ. Obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ pọn omi lẹ́yìn ilé ni. Ẹnikẹ́ni ò fara pa, ṣùgbọ́n títí di òní, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ tí kò béèrè pé bí ìyá náà bá jókòó ńkọ́. Agya Bediako ní sítíárìn ló gan mọ́ òun lọ́wọ́. Maame Birago ní ọwọ́ ló gan, pé ọjọ́ orí kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀, àti pé òun ò ní dúró dìgbà tí òun yóò máa sin òkú kiri kí òun tó gba ọkọ̀ òun. Arúgbó náà ti ń wa ọ̀nà yẹn láti ìgbà tí ìyá Maame Birago fúnra rẹ̀ ti ń ta iṣu.

"Mo ti gbọ́," ni Agya Bediako wí. Ó gbé aṣọ rẹ̀ sí èjìká, ó sì ń lọ, ó ń fi ìṣọ́ra gbẹ́sẹ̀ láàárín àwọn irin tó wà nílẹ̀.

Nti rẹ́rìn-ín. Fítà ni òun náà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti Yaw, ọ̀rọ̀ kan kì í sì í bọ́ sílẹ̀ kó má gbé e. "Yaw, o ṣe ọkùnrin lónìí. Ṣùgbọ́n má sùn sílé lálẹ́ yìí. Búrẹ́dì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ẹní náà wà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Yaw náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde.

Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró sójú iṣẹ́ kan. Ó tú nọ́ọ̀tì kan, ó fi sílẹ̀, ó lọ tú òmíràn. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ kan, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kò rántí ohun tó wá ṣe, ó tún yọrí jáde. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ti sọ lójú ayé dà bí ẹyin tó ti bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé ṣà. Òtítọ́ ló sì sọ. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló sọ. Kí ló wá dé tí òtítọ́ ń rìn lára rẹ̀ bí èèrà?

Lọ́sàn-án, Dufie ìyàwó rẹ̀ gbé iṣu sísè àti ọbẹ̀ ewé kókò wá. Ó gbé abọ́ náà lé orí táyà, ó sì dúró.

"Oúnjẹ rẹ nìyẹn."

"O ṣé. Jókòó."

"Níbo? Gbogbo ibí yìí kì í ṣe ọ́ìlì ni?"

"Dufie, ohun tí mo rí ni mo sọ. Àbí o fẹ́ kí n parọ́?"

"Ta ló ní kó o parọ́? Ṣé o bi í?"

"Mo bi ta ni?"

"Bàbá mi. Ẹni tó ń wa ọkọ̀."

Yaw jókòó sídìí abọ́ náà. Àwọn fítà kì í bi awakọ̀. Másítà tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti gbá a sí i lórí láìmọye ìgbà pé awakọ̀ ló ń ba ọkọ̀ jẹ́, ẹnu ló sì máa ń fi bò ó mọ́lẹ̀; fítà tó bá gbọ́ tẹnu awakọ̀, ọ̀tọ̀ ni ohun tó bàjẹ́, ọ̀tọ̀ ni ohun tí yóò tú. Ọkọ̀ ni kó o gbọ́, Másítà a máa wí, ọkọ̀ ò ní ìdí tí yóò fi purọ́ fún ọ.

"Ó sọ fún mi lánàá," ni Dufie wí, kò wojú rẹ̀. "Ó ní tí òun bá ń kúrò ní Ejura, àgùntàn ni sítíárìn yẹn. Tí òun bá fi máa gun òkè Mampong dé ìdajì, ó ti di màlúù. Ó ní kí n má sọ fún ọ, nítorí o ò bi òun. Jẹun kó má tutù."

Ó yí padà, ó ń lọ. Yaw dìde láti pè é, sálúbàtà rẹ̀ sì yọ̀ wìì nílẹ̀. Bí kì í bá ṣe táyà tó gbá mú ni, ì bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀. Ọbẹ̀ dà sí i lọ́wọ́. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

Ilẹ̀ Magazine ti ń mu ọ́ìlì ìdọ̀tí láti ìgbà tí ẹni tó kọ́ másítà rẹ̀ níṣẹ́ ti wà ní ọ̀dọ́. Ó dúdú, ó ń dán, ó ń yọ̀ bí ilá. Lórí ilẹ̀ báyìí, kí ni táyà yóò dì mọ́? Ọmọ ọwọ́ lè yí lọ́rì níbí. Bẹ́ẹ̀, àárọ̀ kùtù ló dán an wò, ẹ́ńjìnì ò tíì gbóná, ọ́ìlì ṣì nípọn. Òrí kì í jò nínú ìkòkò tó sán ní àárọ̀ ọyẹ́; ìgbà tí oòrùn bá kàn án la ó tó mọ ibi tí ìkòkò ti sán. Bí inú pọ́ǹpù bá ti jẹ, ọ́ìlì tútù yóò bò ó láṣìírí, géèjì yóò gòkè, ìka kan yóò yí sítíárìn. Ọ́ìlì gbígbóná ni yóò máa yọ́ gba àárín irin padà sẹ́yìn, tí agbára kankan ò ní dé ibi táyà.

Iye ọkọ̀ tó ti dán wò báyìí láti ìgbà tó ti gba òmìnira lọ́dọ̀ másítà rẹ̀, kò fẹ́ rò ó.

Kò jẹun. Ó fi abọ́ sílẹ̀ lórí táyà, ó gba ọjà iṣu lọ.

Maame Birago jókòó láàárín òkìtì iṣu, ó ń fọwọ́ kan orí iṣu kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka orí àwọn ọmọ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Yaw tán kó tó gbójú sókè.

"Láàárọ̀, o ní kò sí nǹkan. Lọ́sàn-án, o ní nǹkan wà. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì? Ìyàwó gbé oúnjẹ wá?"

Àwọn obìnrin tó wà nítòsí fọwọ́ bo ẹnu. Yaw wo ọwọ́ ara rẹ̀, àbàwọ́n ọbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

"Maame, mo mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò gba ẹnu mi gbọ́ mọ́ lórí ọkọ̀ yìí. Ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ jẹ́ kí Nti wà á lọ sí Ejura, kó gbé ẹrù, kó sì fi gun òkè bọ̀. Ohun tí ọwọ́ Nti bá sọ, a gbà."

"Nti? Nti tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni?"

"Òun gan-an."

Obìnrin náà gbé iṣu kan sọ́tọ̀. "Ọkùnrin Konongo tí mo gbà sípò bàbá ìyàwó rẹ ń sin òkú ẹbí rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kò lè wá kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Iṣu sì ń rà lóko. Ẹ lọ lọ́la. Bí Nti bá dé tó ní pọ́ǹpù ni, pọ́ǹpù ni. Bó bá ní ọwọ́ ni, má dárúkọ pọ́ǹpù níwájú mi mọ́ láyé."

Nti gbọ́, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n pè síbi ìsìnkú ọlọ́rọ̀. Ó ní òun gbà, bí wọ́n bá ti lè fi fùfú àti ẹran ìgbẹ́ bọ́ òun ní Mampong.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́ta ló há sórí ìjókòó ọkọ̀ náà: Nti nídìí sítíárìn, Yaw láàárín, Agya Bediako létí fèrèsé. Arúgbó náà ń wo ọ̀nà títí wọ́n fi dé Ejura. Níbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń di iṣu sẹ́yìn ọkọ̀, ó sọ gbólóhùn kan péré, pé kí wọ́n dúró ní ìdajì ẹrù, àti pé kí igi tí wọ́n fi ń dí ẹsẹ̀ táyà wà nítòsí.

Oòrùn ti mú gan-an nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ òkè. Nti fi ọwọ́ kan mú sítíárìn, ó gbé ìgúnpá kejì lé fèrèsé.

"Agya," ó wí, "ẹ fi ibi tí ẹ ti yà lọ jẹ kẹ́ńkè hàn mí o, kí n lè mọ̀ ọ́n."

"Wo iwájú rẹ," ni Agya Bediako dá a lóhùn.

Kọ́nà àkọ́kọ́, ọkọ̀ yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Nti wo Yaw, ó kàn mi orí. Ní èyí tó tẹ̀ lé e, ó sọ ìgúnpá rẹ̀ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì kún un, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ nípa ẹran ìgbẹ́. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà dínkù. Igbe tínrín kan ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ẹ́ńjìnì, bí ìgbà tí ẹ̀fọn bá wọ etí, ó ń ga sí i nígbàkígbà tí Nti bá fẹ́ yà. Yaw gbọ́ ọ, ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́; ó fẹ́ kó burú, ó sì ń bẹ̀rù kó burú.

Wọ́n wọ kọ́nà tó mú jù lórí òkè náà. Nti yí sítíárìn, sítíárìn dúró. Ó gbára lé e. Iṣan apá rẹ̀ yọ jáde, òógùn bọ́ sí i lójú, imú ọkọ̀ sì kọjú sí etí ọ̀nà níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀.

"Yaw, kò gbà," ó wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Má bá a jà," ni Agya Bediako wí. "Wọ jíà kìíní. Tẹ tọ́tù."

"Nínú kọ́nà? Ẹ fẹ́ pa wá ni?"

"Tẹ tọ́tù, mo ní. Ẹ́ńjìnì ló ń yí pọ́ǹpù. Jẹ́ kó sáré fún ọ."

Nti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnì bú, pọ́ǹpù ké bí ẹlẹ́dẹ̀, sítíárìn sì tú díẹ̀ bí ẹni tó ń fi ìkùnsínú gbà. Díẹ̀ náà ló gbé wọn yí kọ́nà. Nti ò já a sílẹ̀ títí wọ́n fi dé ibi tó tẹ́jú lókè, ó sì wa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Wọ́n dí ẹsẹ̀ táyà. Yaw wo ọ́ìlì, kò hó. Ó tẹ bẹ́líìtì, ó le. Rọ́bà tó ń fa ọ́ìlì wọlé kò há, kò sì fọ́. Ó so géèjì mọ́ ọn, ó fi àkísà wé ọwọ́ nítorí ooru. Ó fẹ́ ti fáàfù ara géèjì náà pa kí ọ́ìlì má lè kọjá, Nti sì gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

"Jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi ṣe é. Kí n má baà wá gbọ́ pé àna Agya ló ṣe é."

Ó ti fáàfù, ó sì ṣí i kíá kí nǹkan má baà bẹ́. Abẹ́rẹ́ gòkè díẹ̀, ó gbọ̀n, ó sì dúró síbẹ̀ bí arìnrìn-àjò tó rẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà. Nti tún un ṣe. Ibẹ̀ náà ni.

"Bó bá jẹ́ pé àpótí sítíárìn ló bàjẹ́," ni Yaw wí, "abẹ́rẹ́ ì bá gòkè nígbà tó o tì í pa. Ọ́ìlì ò dé àpótí rárá nígbà náà. Pọ́ǹpù nìkan ló kù."

"Má kọ́ mi níṣẹ́," ni Nti wí, ṣùgbọ́n kò sí ìjà nínú ohùn rẹ̀. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n pọ́n. "Tèmi yìí kì í ṣe ọwọ́ arúgbó." Ó kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń ta omi lápá kejì ọ̀nà, ó ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀.

Yaw sún mọ́ bàbá ìyàwó rẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. "Bàbá, ẹ má bínú. Ó yẹ kí n bi yín."

"Ta ló kọ́ ọ pé kí o má bi awakọ̀?"

"Másítà mi ni."

"Mo mọ̀ ọ́n. Kò fẹ́ràn wa." Arúgbó náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó jókòó sórí òkúta kan, ó ń wo ọ̀nà tí wọ́n gbà gòkè. "Tọ́tù tí mo ní kó tẹ̀ yẹn, ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi í tọ́jú ọkọ̀ yìí. Mo rò pé bí ọkọ̀ tó dàgbà ṣe ń ṣe nìyẹn, mo gbà á bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé kọ́nà yìí, màá tẹ̀ ẹ́, yóò sì gbà."

"Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kó pa èèyàn tipẹ́."

"Gbọ́ mi ná. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò tẹ̀ ẹ́."

Yaw jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mo gbàgbé. Ó ṣẹlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn wọ yàrá, tó dúró, tí kò mọ ohun tó wá mú. Ẹsẹ̀ mi wà nílẹ̀ níbẹ̀, mò ń wò ó. Kò pẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa padà sí mi lọ́kàn, àtíbàbà ìyá náà ti wà lábẹ́ wa."

Ọkọ̀ kan gòkè kọjá, eruku rẹ̀ bò wọ́n. Yaw fọwọ́ nu eruku kúrò lójú. "Bàbá, bí pọ́ǹpù bá pé, ẹ ò ní nílò àti rántí nǹkan kan. Pọ́ǹpù ló kọ́kọ́ bàjẹ́."

"Mo mọ̀. Òun náà ni kó o sọ fún wọn, iṣẹ́ tìrẹ nìyẹn. Tèmi, fi í sílẹ̀ fún mi. Mi ò sì fẹ́ kí Dufie gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Nti ti ń bọ̀, omi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ́kọ́ gbé e fún Agya Bediako kí òun náà tó mu.

Lórí òkè tó tẹ́jú láti Mampong dé Kumasi, Agya Bediako ní kí Nti rọra máa bọ̀, kó má sì já tọ́tù sílẹ̀ bó bá fẹ́ yà. Nti ṣe bó ti wí, kò bá a jiyàn ní ẹ̀ẹ̀kan.

Ìròyìn náà ti dé Magazine kí pọ́ǹpù tó tutù tán, kọ́nà tó wà nínú ìtàn Nti sì ti pọ̀ ju èyí tó wà lórí òkè lọ. Nígbà tí Maame Birago dé, Yaw ti tú pọ́ǹpù náà sórí tábìlì. Ó fi ibi tí irin inú rẹ̀ ti họ hàn án, àti àwọn ewé irin kéékèèké tó yẹ kó máa gbá ọ́ìlì jáde, bí ẹnu wọn ṣe ti jẹ dànù.

"Èmi ni mo ṣì í," ni Yaw wí, ó sì sọ ọ́ sókè kí ó dé ṣọ́ọ̀bù òdìkejì. "Mo dán an wò nígbà tó tutù, lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú yín kò rí bẹ́ẹ̀."

"Ìyàwó rẹ gbọ́ o," ni ẹnìkan wí látọ̀ọ́kán.

"Ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́," ni Nti wí. "Ẹ̀yin tí ẹ ò wà nínú ọkọ̀ yẹn."

Maame Birago kúnlẹ̀ díẹ̀ níwájú arúgbó náà. "Agya, mo sọ̀rọ̀ kọjá ẹnu mi. Ẹ bá mi gbé e mì. Pọ́ǹpù tuntun ni màá rà, mi ò ní ra àlòkù. Màá ránṣẹ́ sí ọkùnrin Konongo yẹn pé kó má wulẹ̀ wá mọ́."

"Jẹ́ kó wá," ni Agya Bediako wí.

"Ọkọ̀ kan, awakọ̀ méjì?"

"Kó máa wà á. Èmi á jókòó tì í títí òkè yẹn á fi mọ́ ọn lára. Bí iṣu bá ti tán lóko, màá lọ máa tọ́jú oko kòkó mi."

Ariwo sọ. Wọ́n ní àgbà nìyí. Wọ́n ní ta ló tún lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n da ẹ̀gbin sí i lára báyìí, kó sì tún máa rò ó kí ọmọ ọlọ́mọ má baà pàdánù iṣẹ́. Nti bú sẹ́rìn-ín, ó ń bọ arúgbó náà lọ́wọ́. Yaw mú àkísà, ó ń nu irin tí kò ní ìdọ̀tí lára mọ́.

Nígbà tó délé, oúnjẹ ti wà lórí tábìlì, Dufie sì jókòó tì í. Lánàá, kò jókòó tì í.

"Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀," ó wí. "Wọ́n sọ ohun tí bàbá mi ṣe fún ọkùnrin Konongo. Inú ẹ̀ mọ́ jù."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló tilẹ̀ ṣe pọ́ǹpù yẹn gan-an? Nti kàn ń pariwo ni, mi ò gbọ́ ọ yé."

Yaw bu omi sọ́wọ́, ó rọra ń fọ̀ ọ́. "Inú rẹ̀ ló ti jẹ. Láàárọ̀, èèyàn ò lè mọ̀, á máa ṣiṣẹ́ bíi tàná. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá gbóná, tí ẹrù bá wà, tó wá kan ibi tó le, ìgbà yẹn ló máa ń kọ̀."

"Á jẹ́ pé kò sí ẹni tó lè mọ̀."

"Àfi ẹni tó ń wà á," ni Yaw wí.

Dufie wò ó díẹ̀, ó ń dúró bóyá ọ̀rọ̀ ṣì kù. Èyí tó kù, bàbá rẹ̀ ló ni ín. Yaw bu òkèlè, ó tì í bọ ọbẹ̀, ó sì ń jẹun.